Nàfísátù, Ta Ni Abena Tó Jẹ́ Bọ́dì Rẹ?

Ìpeé, lẹ́bàá Ọ̀fà,
Ọjọ́ Jímọ̀, oṣù kẹfà, ọdún 2019.

Nàfísátù Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ Mùkáílà, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Accra. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ara le? Mo ti kọ "ṣé ara le" yìí tán kí n tó rántí pé ìbéèrè yẹn kò ṣeé bi ọ́ lásìkò yìí. Mo fẹ́ pa á rẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá pa á rẹ́, ojú ìwé á dọ̀tí, wàá sì rò pé omi ojú mi ló kán sí i, nítorí náà jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọlọ́hun tó dá ara ni yóò bá wa mú kí ó le. Àmín. Kò ní fi ọ̀fọ̀ ọmọ kàn mí. Àmín. Tẹ́lẹ̀, àdúà mi lórí rẹ pọ̀, mo máa ń tọrọ ilé, mo máa ń tọrọ ọjà tó yá, mo máa ń tọrọ kí ọmọ má tán nínú rẹ. Nísinsìnyí ohun kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ, mo sì ń tọrọ rẹ̀ títí ẹnu fi ń gbẹ mí.

Nílé níbí, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bímọ, ó bí méjì. Ìjì gbé páànù kan lọ lórí ilé ìdáná, a rí i lẹ́yìn ilé Lémọ́mù, ṣùgbọ́n ó ti ká kò, kò ṣeé kàn padà. Bánkì tí o ní kí n ṣí ìwé owó sí ní Ọ̀fà, ọmọlúàbí ni wọ́n o. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi lọ́jọ́rú pé àwọn bá mi yọ ayọ̀ ọjọ́ ìbí mi. Èmi tí ìyá tó bí mi kò mọ ọjọ́ tó bí mi, àwọn bánkì ló wá mọ̀ ọ́n. Mo ní kí àwọn ọmọ ilé bá mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ padà pé mo dúpẹ́, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi orúkọ ọmọ mi Nàfísátù tó wà ní Accra sínú àdúà wọn. Wọn kò tíì dáhùn. Bóyá wọ́n ṣì wà lẹ́nu àdúà náà.

Ó yẹ kí n pè ọ́ dípò kí n máa kọ̀wé, ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ ẹkún ni mo máa ń bú sí, owó fóònù á sì tán lórí ẹkún. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè mí, o ní àwọn dókítà ti mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí, pé ọjọ́ náà ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ ní abẹ́rẹ́ kímò nítorí jẹjẹrẹ tó wà lọ́mú rẹ, àti pé o kò ní lọ. O ní ilé lò ń bọ̀. O ní kí n gbá yàrá ẹ̀yìn dè ọ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Ní ọjọ́ kejì ni mo ti kó àpò èlùbọ́ inú yàrá náà jáde, mo gbá a, mo fọ aṣọ ìbòjú fèrèsé, torí pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ yẹn tó ń bà mí ju tìrẹ lọ.

Jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rù náà ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọ. Lóṣù tó kọjá, o sọ fún mi pé sáíkù mẹ́fà ni dókítà ní o máa ṣe. O mọ̀ pé èmi náà gbé Accra rí kí n tó bí ọ, ní Lagos Town tí ẹ̀yin ń pè ní New Town báyìí, títí di ọdún tí ìjọba wọn fún gbogbo àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì péré pé kí a kó ẹrù wa. Kò sí ibi tó yé mi ní Accra tó Circle, Sẹ́kù là ń pè é nígbà náà, ibẹ̀ la ti ń wọ ọkọ̀. Nígbà tí o wí pé sáíkù mẹ́fà, Sẹ́kù ni etí mi gbọ́. Mo ní irú ìlú wo lèyí tí wọ́n á ti máa gbé aláìsàn lọ sí ibùdókọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láti lọ gún un lábẹ́rẹ́ láàárín èéfín? Mo bẹ Yàkúbù awakọ̀, ẹni tó ń kó èlùbọ́ láti ìhín lọ sí ọjà Agbogbloshie, pé tó bá dé Accra kó yà síbẹ̀, kó bá mi wo ibi tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí. Yàkúbù lọ lóòótọ́. Ó ní òun yí ibẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, fóònù àti bàtà ni wọ́n ń tà. Ó ní òun bi ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe pé níbo ni wọ́n ti ń gún àwọn obìnrin lábẹ́rẹ́ níhìn-ín, ọkùnrin náà sì fi irinṣẹ́ lé òun. Nígbà tí Yàkúbù dé tó sọ ọ́ fún mi, mo gbé àwo oúnjẹ mi tì. Mo ní á jẹ́ pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é.

Mi ò tíì bọ́ nínú ìyẹn tí ọ̀rọ̀ bọ́dì fi dé. Mùkáílà pè mí, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ kan wà tó jẹ́ ti àwọn obìnrin tó ní irú àìsàn yìí, pé àwọn tó ti ń gba abẹ́rẹ́ ló ń fa àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì ti fún ọ ní bọ́dì tìrẹ, Abena ni wọ́n ń pè é. Nàfísátù, ìwọ náà mọ iṣẹ́ ọkọ rẹ. Ẹni tó ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Abossey Okai láti ogún ọdún, tó bá ní bọ́dì, kí ni kí n rò? Bọ́dì ọkọ̀ tó ti jẹrà ni wọ́n máa ń tú sílẹ̀ tí wọ́n á gbé ti ọkọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo figbe ta. Mo bi í pé ara tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án rù ńkọ́, níbo ni wọ́n fẹ́ jù ú sí? Ṣé ara Abena lo máa gbé wọ̀ wá bá mi nílé, ṣé n ó dá ọ mọ̀? Mo tún bi í pé Abena gan-an ńkọ́, òun náà lóbìnrin kan bí, kí ló máa ṣẹ́kù fún un? Mùkáílà rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún, tàbí ó sunkún títí ó fi rẹ́rìn-ín, mi ò lè sọ, mi ò rí ojú rẹ̀. Ó ní bọ́dì tí àwọn wí kì í ṣe ti ọkọ̀, pé ẹnìkejì ẹni ni, ẹni tó máa jókòó tì ọ́.

Ó tún wá fi àwòrán ìwé kan ránṣẹ́ sí fóònù Bùkọ́lá, aránṣọ tó gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa. Ó ní ìwé tí ọsibítù ní kí o buwọ́ lù nìyẹn, tí o kọ̀ tí o kò buwọ́ lù. Bùkọ́lá kà á fún mi. Wọ́n ní kí o kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ ọ jù. Má kọ orúkọ mi o, torí Ìpeé ni mo wà, odindi ilẹ̀ Benin àti Togo ló wà láàárín wa, kò sì dára kéèyàn parọ́ fún ọsibítù. Ẹni tó bá wà ní yàrá kejì sí tìrẹ ni kí o kọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní kí o fọwọ́ sí i pé o gbà kí wọ́n fún ọ ní oògùn tó máa jẹ́ kí irun rẹ re, tó máa jẹ́ kí o máa bì, tó lè dín ẹ̀jẹ̀ rẹ kù. Mo ní ta ló ń buwọ́ lu irú ìwé báyìí? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èèyàn níkà pàápàá kì í kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Mo ní kí Bùkọ́lá pa ìwé náà rẹ́ nínú fóònù rẹ̀ kíákíá, kó lè pa rẹ́ lọ́dọ̀ tiyín náà. Ó pa á rẹ́. Mùkáílà ní ó ṣì wà lórí tábìlì yín.

Ìgbà tó rí i pé mò ń ti ọ́ lẹ́yìn pé kí o má lọ ló wá fi ohùn àwọn obìnrin náà ránṣẹ́ sí Bùkọ́lá. Ó bẹ̀ mí pé kí n fi etí sílẹ̀ gbọ́ wọn kí n tó fún ọ lésì, pé òun ti sọ̀rọ̀ títí, o kò gbọ́. Bùkọ́lá gbé fóònù lé orí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Mo tún gèlè mi wé dáadáa, torí mi ò fẹ́ kí àwọn obìnrin tí mi ò mọ̀ rí bá mi ní wúruwùru, mo sì kí wọn pé ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi. Wọn kò dá mi lóhùn. Bùkọ́lá ní ohùn tí wọ́n ti sọ sílẹ̀ láti àná ni. Mo ní kò burú, á jẹ́ pé ọ̀la ni tèmi á dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni Hájíà Sherifa tó ń gbé Nima, àgbà ẹgbẹ́ náà. Yorùbá ni wọ́n sọ, wọ́n ní àárín àwọn èèyàn wa làwọn ti dàgbà, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí àwọn ti gba abẹ́rẹ́ tiwọn tán. Àwọn ló wá la ọ̀rọ̀ sáíkù yé mi, pé kì í ṣe ibì kan. Wọ́n á fún ọ lóògùn lọ́jọ́ kan, wàá lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó di ẹyọ kan. Wàá tún padà lọ, ó di méjì, bẹ́ẹ̀ ni títí yóò fi pé mẹ́fà. Mo ránṣẹ́ sí Yàkúbù lójú ẹsẹ̀ pé kó má bi ẹnikẹ́ni mọ́ ní Circle.

Ohùn Abena ló tẹ̀ lé e. Twi ló ń sọ, Bùkọ́lá ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, èmi ni mo wá ń túmọ̀ fún un, ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mo ti gbàgbé ń wọlé sí mi létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abena ní abẹ́rẹ́ òun ti di mẹ́ta. Ó ní kí o wọ bùláòsì tó ń ṣí níwájú kó má baà ni ọ́ lára láti bọ́. Ó ní kí o mú sọ́ọ̀sì dání, òtútù pọ̀ ní yàrá tí wọ́n ti ń fà á sí ni lára. Ó ní oògùn kan wà níbẹ̀ tó pupa, kí o má wò ó tí o kò bá fẹ́ wò ó, òun gan-an ojú fèrèsé lòun ń wò, àti pé tí o bá lọ tọ̀ lẹ́yìn náà, ìtọ̀ rẹ á pupa bí sóbólò, zóbò tí àwa ń mu níbí nìyẹn, kí o má pariwo, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí o máa fi omi dídì sẹ́nu tí pupa yẹn bá ń wọlé, kí ẹnu rẹ má baà yọ egbò. Ó ní ọjọ́ kẹta ló máa ń nira jù, kí o pe òun lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ láti bú òun ni.

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó mú mi gbé ọwọ́ lérí. Ó ní òun náà sá rí. Ó ní ní ọjọ́ tó yẹ kí òun bẹ̀rẹ̀, òun dé ẹnu géètì ọsibítù, ẹsẹ̀ òun kọ̀, òun wọ tòròtóró, ọkọ̀ èrò wọn, padà sílé, òun sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Hájíà Sherifa ló wá kan ilẹ̀kùn. Hájíà kò bá òun jà, wọn kò wàásù, ńṣe ni wọ́n jókòó, wọ́n fa àtẹ ẹ̀pà tó wà nílẹ̀ mọ́ra, àwọn sì jọ pa ẹ̀pà títí ó fi tán. Ní ọjọ́ kejì wọ́n tún wá. Abena ní kò sí ẹni tó lè sọ fún ọ pé kí ẹ̀rù má bà ọ́ kó má jẹ́ irọ́, pé ẹ̀rù ṣì ń ba òun dòní, àmọ́ kí o wá, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa bẹ̀rù níbì kan náà. Síbẹ̀ ó ń sọ ọ́ ṣá, nsuro, Nafi, nsuro. Má bẹ̀rù nìyẹn. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kẹ́yìn.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí mo fi ní kí Bùkọ́lá pa á. Mo dìde, mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, mo sì mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ.

O máa ń gbọ́ orúkọ Àkànkẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. A sọ fún ọ pé ibà ló pa á. Irọ́ ni. Ọmú ni. Ní Accra ló ti bẹ̀rẹ̀, a sì ní ará ilé kan nígbà náà, obìnrin Gá tó ń jẹ́ Dédéì, kẹ́ńkẹ́ ló ń tà, ẹ̀kọ líle tí wọ́n ń fi ẹja jẹ níbẹ̀. Dédéì yìí ló ń mú Àkànkẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tí wọ́n bá dé, á gbé orí Àkànkẹ́ lé itan rẹ̀, á máa fi ọwọ́ tútù pa á lórí, kò sì ka òórùn sí. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ní kí a máa lọ. A gbé Àkànkẹ́ wá sílé. Inú wa dùn pé ilé la gbé e wá. Yàrá ẹ̀yìn la tẹ́ ẹ sí.

Àwọn àgbà ní kí àwa tí ọmú wa ṣì ń yọ má sún mọ́ ọn, pé ó ń ràn. Mo gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ẹ̀rù ló bà mí. Òórùn náà bà mí lẹ́rù, ojú rẹ̀ náà bà mí lẹ́rù. Ẹnu ọ̀nà ni mo ń gbé oúnjẹ sí. Á pè mí, á ní Àwẹ̀ró, wọlé, èmi á dáhùn láti àgbàlá pé mò ń bọ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dáhùn pé mò ń bọ̀. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan, kò pè mí mọ́. Dédéì ló ń pè. Nínú ilé bàbá rẹ̀, láàárín àwa tí a jọ mu ọmú kan náà, obìnrin tó ń ta kẹ́ńkẹ́ ní Accra ló ń pè títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Nàfísátù, yàrá tí mo gbá dè ọ́ nìyẹn. Mo ti kó èlùbọ́ padà sínú rẹ̀.

Má wá sílé. Ìyá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀, mo fi omijé sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ náà ń bà mí lẹ́rù, mi ò mọ ohun tó máa ṣe, Hájíà Sherifa pàápàá ò búra fún mi pé ó máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí yàrá yẹn ń ṣe. Buwọ́ lu ìwé náà. Lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Jẹ́ kí Abena mú ọ dání, bí o bá tilẹ̀ fẹ́ sá, kó o sá mọ́ ọn lára. N ó sọ òtítọ́ fún ọ, mo jowú rẹ̀. Ó ń ṣe ohun tí mi ò ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi, fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bá mi sọ fún Hájíà Sherifa pé mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yín. Wọ́n lè ní mi ò yẹ, torí kò sí kókó lọ́mú mi, ẹ̀rù nìkan ni mo ní. Bí ẹ̀rù bá tó láti fi wọ̀ ọ́, kí wọ́n bá mi kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń retí ibi tí n ó ti bèèrè owó. Páànù ilé ìdáná ni, ẹyọ kan péré, àti ìṣó díẹ̀. Tí ọwọ́ Mùkáílà bá dẹ̀, kó bá mi ṣe é, bí kò bá sì dẹ̀, èmi àti òjò ti mọ ara wa tipẹ́. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi ra sọ́ọ̀sì nípọnnípọn, kó ra mẹ́ta, ọ̀kan fún ọ, ọ̀kan fún Abena, ọ̀kan fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tètè tutù.

Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí oògùn náà mọ ibi tó ń lọ nínú ara rẹ. Ohun tó yẹ kó re ni yóò re, ohun tó yẹ kó kù ni yóò kù. Wàá sin mí, mi ò ní sin ọ́. Irun rẹ yóò hù padà, n ó sì fi ọwọ́ mi di í fún ọ. Àmín, àmín, àmín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mi ò lè fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ Àkànkẹ́ lójú rẹ, mo ti gbìyànjú rẹ̀ níwájú dígí, kò jáde, ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn. Àárọ̀ ọ̀la ni Yàkúbù ń gbéra, àyè ẹnìkan ṣì wà níwájú ọkọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé wa, mi ò tíì kọjá ààlà, àyà mi sì ń já láti ìsinsìnyí. Èmi fúnra mi ni mo mú lẹ́tà yìí wá. Èmi ni mo fi lé ọ lọ́wọ́ pé kí o kà á kí o tó bá mi sọ ohunkóhun. Tí o bá ti ka ibí yìí tán, gbé ojú rẹ sókè. Mi ò sí lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti wọlé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àwẹ̀ró.